Okùn Tí Eyín Àgbìn Kò Ní

Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà tí òkúta wẹ́wẹ́ sá pamọ́ sínú rẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Eyín kan òkúta náà, kí ọkàn tó sọ pé òkúta nìyí, àgbọ̀n ti dúró. Ẹnu ti là sílẹ̀, ahọ́n ti ń wá òkúta kiri. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Iṣẹ́ okùn kan ni, okùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà lẹ́nu wa.

A máa ń rò pé eyín wọ inú egungun àgbọ̀n bí ìṣó ṣe ń wọ pákó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò eyín kò fi ara kan egungun. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín àwọn méjèèjì, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà, àwọn fọ́nrán tó dà bí okùn ló sì kún inú rẹ̀. Orí kan okùn náà wọnú gbòǹgbò, orí kejì wọnú egungun. Ẹni tó bá ti wo ìlù dùndún dáadáa, bí ọsán ṣe fa awọ méjèèjì mú láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, ti rí bí eyín ṣe rọ̀ sínú ihò rẹ̀. Tí a bá gé nǹkan jẹ, eyín rì díẹ̀, ọsán náà le, ó pín ìwúwo náà ká gbogbo ògiri ihò. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà láàárín àwọn okùn yìí ló ń ké sí àgbọ̀n nígbà tí òkúta bá dé.

Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ eyín, okùn rẹ̀ bá a lọ, kò sì wọ́pọ̀ kí dókítà lè dá a padà fún aláìsàn. Eyín àgbìn, èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní implant, jẹ́ skúrù tí wọ́n rì sínú egungun àgbọ̀n láti fi ṣe gbòǹgbò, tí wọ́n wá gbé orí eyín lé. Ó lẹ́wà, ó ń jẹ oúnjẹ, ó ń dá ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n kò ní okùn. Ọ̀pọ̀ ìnira tó lè bá a, àti èyí tó lè bá egungun tó yí i ká, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ara ehoro ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, ní ìlú Lund lórílẹ̀-èdè Sweden, Per-Ingvar Brånemark ń wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sàn nínú egungun alààyè. Ó fi irin kékeré oníhò tí wọ́n fi titanium ṣe sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro, ó sì ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fẹ́ yọ irin náà kó lè tún un lò, irin kọ̀ jálẹ̀. Egungun ti hù mọ́ ọn. Lákòókò yẹn, ohun tí àwọn oníṣègùn gbà ni pé ara kò ní jẹ́ kí egungun fara kan irin láéláé. Àpá rírọ̀ kan ni yóò yí irin ká. Àwọn tó ń ṣe eyín àgbìn ayé ìgbà náà tilẹ̀ ń yin àpá yìí, wọ́n ní yóò rọ́pò okùn eyín. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí ìrètí náà mọ́gbọ́n wá. Wọ́n mọ ohun tó sọnù, wọ́n kàn rò pé àpá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àpá kò lè ṣe é. Àwọn fọ́nrán rẹ̀ kò so irin mọ́ egungun, wọ́n kàn yí i ká ni. Irin ń mì nínú rẹ̀, bó ṣe ń mì ni àpá ń nípọn sí i, títí eyín á fi jáde.

Brånemark yan ọ̀nà kejì: kí irin àti egungun di ọ̀kan, láìsí nǹkan láàárín wọn. Ní 1965, ní ìlú Gothenburg, ó rì skúrù titanium mẹ́rin sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù àgbọ̀n àti òkè ẹnu. Larsson kú ní 2006. Ó ti fi eyín náà jẹun fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ṣe ìpàdé kan ní Toronto ní 1982 ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ eyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó gba iṣẹ́ náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí dídì mọ́ra yìí mú wá. Tí ìtẹ̀ bá bọ́ sórí eyín tó yè, ó máa ń rì ní nǹkan bíi 25 sí 100 máíkírómítà. Irun orí ènìyàn kan máa ń tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà ìrìn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju fífẹ̀ irun lọ là ń sọ. Eyín àgbìn kì í rì ju 3 sí 5 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ro ènìyàn méjì tí wọ́n jọ ru pákó gígùn kan: bí ọ̀kan bá tẹ̀ba díẹ̀, èjìká ẹni tó nàró ni ẹrù máa dúró lé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tí eyín àgbìn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín àbínibí. A gé nǹkan jẹ, eyín àbínibí tẹ̀ba, eyín àgbìn dúró gbọin, ó sì gba ohun tí kò yẹ kó dá gbà. Ẹrù náà kò sì kéré. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí eyín wọn pé, bí wọ́n bá fi gbogbo agbára pa eyín ẹ̀yìn pọ̀, ìtẹ̀ náà lè tó ìwúwo odidi àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ìkìlọ̀ pẹ̀lú ń pẹ́. Ẹni tó ní eyín tirẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára tí ohun tó nípọn tó nǹkan bí 20 máíkírómítà bá wà láàárín wọn. Lórí eyín àgbìn, ó máa ń tó nǹkan bí 50 kó tó mọ̀. Òkúta inú ẹ̀wà yẹn, eyín àgbìn á ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí àgbọ̀n tó gbọ́.

Níbo wá ni ìtẹ̀ náà ń lọ? Ọrùn skúrù ni, níbi tó ti yọ jáde látinú egungun. Titanium le ju èèpo egungun tó yi jù lọ ní ohun tó ju ìlọ́po márùn-ún. Nígbà tí ohun líle bá sì wọnú ohun tó rọ̀ jù ú lọ, ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé ló máa ń gba ìyà jù. Ìdí nìyí tí skúrù gígùn kò fi fi bẹ́ẹ̀ gba eyín là bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Ìsàlẹ̀ skúrù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan lára. Mìlímítà mélòó kan àkọ́kọ́ ló ń jìyà. Fífẹ̀ ló ń ṣèrànwọ́ jù. Tí ọ̀pá kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, ìnira tí agbára kan náà máa mú bá a nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ á dín kù ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n kì í sábà ní àyè, egungun tó bá sì tinrín jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ skúrù ńlá á yẹ̀.

Ọ̀nà tí ìtẹ̀ gbà wá ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ọmọ tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn rí mọ̀ pé a kì í fa èèkàn sókè tààrà nígbà tí a bá fẹ́ hú u. A máa ń mì ín síhìn-ín, a mì ín sọ́hùn-ún, ihò ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, èèkàn á dẹ̀. Tẹ èèkàn kan náà mọ́lẹ̀ láti òkè, kò sí ohun tó máa ṣe é. Egungun náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó lágbára jù nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, agbára rẹ̀ dín kù nígbà tí a bá fà á, ó sì kéré jù nígbà tí agbára bá fẹ́ gé e bí ẹni ń rẹ́ nǹkan. Eyín àgbìn tó dúró tààrà, tí orí rẹ̀ kéré, tí oúnjẹ ń tẹ̀ láti òkè, ìtẹ̀pọ̀ ló ń fún egungun. Èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí orí rẹ̀ ga tó sì fẹ̀ jù, ń fún un ní mímì èèkàn.

Gbòǹgbò méjì tàbí mẹ́ta ló gbé eyín ńlá ẹ̀yìn ró, orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Skúrù tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 4 tàbí 5 lọ. Ẹgbẹ́ orí eyín yọ síta lórí skúrù bí ìbòrí ilé ṣe yọ síta lórí ògiri. Oúnjẹ tó bá bọ́ sí etí ibẹ̀ kì í tẹ skúrù mọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ yí i dànù ni. Dókítà tó mọ iṣẹ́ á jẹ́ kí orí eyín náà kéré ju ti àbínibí lọ, á rẹ àwọn òkè-òkè rẹ̀ sílẹ̀ kó tẹ́jú, bí aláìsàn tilẹ̀ ń sọ pé òun fẹ́ kó jọ ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá so eyín kan tí kò ní skúrù lábẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ní, ìyẹn burú jù: ẹni tó jókòó sí ṣóńṣó ẹ̀ka mọ̀ pé ìdí ẹ̀ka ló ń ké.

Paulo Malo, dókítà ọmọ Pọtogí, fi ọgbọ́n kan hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 2003. Fún ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́, ó rì skúrù mẹ́rin péré, ó sì da àwọn méjì ẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn títí dé ìwọ̀n igun 45. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè bi mí pé ṣé kò ta ko ara rẹ̀. Kò ta kò ó, nítorí afárá líle kan ló so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Kò sí èyí tó ń dá mì. Dídà sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà sì gbé orí skúrù ẹ̀yìn lọ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ibi tí eyín ti yọ láìní ìtìlẹ́yìn kúrú. Agbára kan tí à bá kà sí ọ̀tá lójú skúrù kan ṣoṣo di ohun tó ṣeé fara dà nígbà tí wọ́n jọ dì í mú.

Egungun fúnra rẹ̀ kì í ṣe pákó, ibí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Pákó kò mọ̀ bóyá ìṣó wà nínú òun. Egungun mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń jẹ egungun àtijọ́, àwọn kan sì ń mọ tuntun sípò rẹ̀. Ní 1892, Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, kọ ìwé lórí pé egungun máa ń tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé. Ọwọ́ àgbẹ̀ jọ ọ́: ọkọ́ tó ń fi ara ra àtẹ́lẹwọ́ lójoojúmọ́ á sọ ọ́ di líle, èyí tó fi ara rà á láṣejù lọ́jọ́ kan á bó o. Harold Frost, ará Amẹ́ríkà, fi nọ́ńbà sí i ní àwọn ọdún 1980. Tí ìtẹ̀ bá kéré jù, egungun á máa jẹ ara rẹ̀. Tó bá wà láàárín, á dúró bó ṣe wà. Tó bá pọ̀ díẹ̀, á nípọn. Tí egungun bá wá ń fún pọ̀ ju bíi mìlímítà 3 nínú gbogbo mítà kan lọ, ìyẹn léraléra, àwọn ìlà fífọ́ tínńtínní á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè tún ṣe lọ.

Ẹ wo ojú àgbàlagbà tí gbogbo eyín rẹ̀ ti lọ tipẹ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ́ sínú, ètè ká wọlé, àgbọ̀n yọ síwájú. Ìyẹn ni egungun tí a kò tẹ̀ mọ́. Eyín ló ń fún un níṣẹ́, iṣẹ́ tán, ó rù. Eyín àgbìn tó ń fún egungun ní ìtẹ̀ tó mọ níwọ̀n lè dá ìrù yẹn dúró dé ìwọ̀n gíga, ìdí nìyẹn tí mo fi kà á sí ohun tó ju ẹwà lọ. Àpapọ̀ ìmọ̀ iṣẹ́ náà ni kí ìtẹ̀ má bàa kéré jù, kó má sì pọ̀ jù.

Egungun àgbọ̀n gbogbo kò sì rí bákan náà. Iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dà bí ìrókò: èèpo rẹ̀ nípọn, skúrù á wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wàhálà, á sì dì mú. Ẹ̀yìn àgbọ̀n òkè dà bí igi àràbà: èèpo tẹ́ẹ́rẹ́, inú tó rí bíi kànìnkànìn. Carl Misch, ará Amẹ́ríkà, pín in sí ìpele mẹ́rin, láti D1 tó yi jù dé D4 tó rọ̀ jù. Ó ṣeni láàánú pé ibi tó rọ̀ jù yìí wà lẹ́yìn, níbi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ jù lọ. Líle náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń lu ihò nínú egungun tó yi, ó máa ń gbóná, bí ooru náà bá tó ìwọ̀n 47 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan, egungun á kú níbẹ̀. Ara ehoro náà ni wọ́n tún ti mọ èyí. Omi tútù tí dókítà ń da sí ẹnu irin nígbà tó ń lu ihò kì í ṣe láti fi fọ ẹ̀jẹ̀ nù nìkan.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù. Ọjọ́ tí wọ́n rì skúrù, ó dì mú bí skúrù ṣe ń di pákó mú, kò tíì sí ìhùmọ́ra kankan. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun tí irin ti pa lára, kí wọ́n lè mọ tuntun. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, èyí àtijọ́ ti ń lọ, tuntun kò tíì le. Skúrù wà láàárín òpó méjì tí kò sí èyí tó dúró dáadáa. Bí ó bá ń mì ju nǹkan bí 150 máíkírómítà lọ lákòókò yìí, egungun kò ní hù mọ́ ọn. Àpá rírọ̀ àtijọ́ yẹn ni yóò yí i ká. Ìdí nìyí tí Brånemark fi máa ń dúró fún oṣù mẹ́ta ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti oṣù mẹ́fà ní ti òkè kó tó gbé eyín lé e. Lónìí a ń rí ìpolówó eyín ọjọ́ kan. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, nígbà tí skúrù bá dì gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì so mélòó kan pọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìpolówó kì í sọ ìdajì kejì gbólóhùn yẹn. Ẹni tí egungun rẹ̀ jẹ́ àràbà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ pé òun máa dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe eyín àgbìn kan sí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọdún kejì kò tíì pé tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi ahọ́n tì í kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ dókítà. Skúrù kékeré tó so orí eyín mọ́ èyí tó wà nínú egungun ló tú. Àwọn dókítà máa ń fi agbára tí a ti wọ̀n di skúrù kékeré yìí, kó lè nà díẹ̀ bíi sípíríǹgì, kó sì fa apá méjèèjì mọ́ra. Eyín ẹ̀gbọ́n mi ga díẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rún egungun adìẹ. Gbogbo ìjẹ tó bọ́ sí etí rẹ̀ ń yí skúrù náà padà bíńtín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Dókítà rẹ orí eyín náà sílẹ̀, ó fi skúrù tuntun sí i, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ skúrù tó tú, torí òun ló kọ́kọ́ pariwo. Bí kò bá tú, titanium ìsàlẹ̀ lè máa rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó ṣẹ́ lójijì, èyí tó ti ṣẹ́ sínú egungun kì í rọrùn láti yọ.

Ṣé ìtẹ̀ tó pọ̀ jù nìkan lè jẹ egungun run? Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Flemming Isidor ní Denmark dán an wò lára ọ̀bọ, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1996: ó gbé orí eyín tó ga jù lé àwọn skúrù kan, ó jẹ́ kí ìdọ̀tí dì sára àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ láṣejù tú kúrò lára egungun. Àwọn onídọ̀tí pàdánù egungun ní ọrùn, ṣùgbọ́n wọn kò tú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà lára ajá kò rí irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnu mọ́. Ní tèmi, ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ló ń sábà ṣílẹ̀kùn, ìtẹ̀ á wá wọlé, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣiṣẹ́. Egungun tó ti lọ ní ọrùn máa ń jẹ́ kí orí eyín ga sí i lókè egungun, apá tó ń mì èèkàn á sì gùn sí i.

Ẹni tó máa ń lọ eyín lójú oorun ni mo ń ṣàníyàn fún jù lọ. Ní ọ̀sán, ìjẹun kì í fi eyín kan eyín pẹ́. Ní òru, ìlọyín lè fi agbára tó ju ti ìjẹun lọ sí i, fún ìgbà pípẹ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìsí ọkàn tó máa sọ fún àgbọ̀n pé kó dẹwọ́. Ìbòrí eyín tí wọ́n ń fi sẹ́nu sùn kì í ṣe àṣejù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sọ fún dókítà kí skúrù tó wọlé. Ọkọ tàbí ìyàwó tó ń gbọ́ ìró náà ní òru ló sábà mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé orí eyín lé skúrù, dókítà máa ń mú bébà onírin kan tó tinrín ju irun lọ, á fi sáàárín eyín àgbìn àti èyí tó kọjú sí i. Á ní kí o pa ẹnu dé jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà á fà á. Bébà náà gbọ́dọ̀ yọ. Á tún ní kí o tẹ eyín mọ́ra dáadáa, á fà á. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó gbọ́dọ̀ dì mú, nítorí àwọn eyín àbínibí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wá tẹ̀ba tó. Tó bá dì mú nígbà àkọ́kọ́, ní kí wọ́n rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó dìde lórí àga.